Bàbá Mẹ́ta Nínú Fáìlì Kan

Bàbá mẹ́ta ni àbúrò mi obìnrin ní nínú fáìlì ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan lókè òkun, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì fún un ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti sọ èyí tó jẹ́ bàbá rẹ̀ gan-an nínú wọn. Bí kò bá rí i sọ, wọn yóò pa fáìlì náà dé, ó di ọdún mìíràn.

Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1990, ní àkókò kan tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa débi pé koríko ń hù lẹ́nu ọ̀nà àwọn kíláàsì. Ọmọ ogún ọdún ni àbúrò mi nígbà náà. Ó ti ṣe ọdún kan nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kí wọ́n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ wọn, ó sì ti jókòó sílé fún oṣù méje. Ìṣègùn ló fẹ́ kọ́, kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tó gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lókè òkun tó máa ń fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ó nípọn bí ìwé orin ìjọ.

Oníròyìn ni mí, Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni iléeṣẹ́ wa fi mí sí nígbà náà. Èmi nìkan ni mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú ilé, nítorí náà èmi ni mo tẹ gbogbo ohun tó wọ inú fọ́ọ̀mù náà. Bí a bá fẹ́ wá ẹni tó jẹ̀bi, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé wa. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Ẹ̀dúnàbọ̀n, oníṣòwò kòkó ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àbúrò ń gbé ní Ifẹ̀, akọ̀wé ni wọ́n ní yunifásítì, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n; Dádì ni à ń pe àwọn. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n ló bí mi. Dádì ló bí àbúrò mi. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lọ́dọ̀ Dádì ní Ifẹ̀ nítorí ilé-ìwé, ọwọ́ wọn ni mo sì dàgbà sí. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n ní tiwọn, àwọn ni wọ́n ń gbọ́ bùkátà àbúrò mi láti jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àrà nínú ilé wa. A kò tilẹ̀ ní orúkọ tí à ń pè é.

Ní ojú ewé kìíní fọ́ọ̀mù náà, wọ́n bèèrè orúkọ bàbá, mo tẹ orúkọ Dádì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹni tí yóò gbọ́ bùkátà ọmọ náà kọ lẹ́tà. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń sọ ọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́: "Èmi tí mo jẹ́ bàbá ọmọ yìí ni n ó gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí yóò fi parí." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi iṣẹ́ nìyẹn: ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ni kí o kọ. Ìwé kẹta ni ẹ̀rí ìwà, èyí tí àlùfáà ìjọ Dádì kọ fúnra wọn. Báyìí ni tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀: "Gẹ́gẹ́ bí bàbá ọmọbìnrin yìí nínú Olúwa, mo fi tayọ̀tayọ̀ jẹ́rìí..."

Òyìnbó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọ̀rọ̀ sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ìdáhùn wọn dé ní ọjọ́ Wẹ́sídeè kan. Wọ́n ní máàkì rẹ̀ dára púpọ̀, wọ́n ní inú àwọn dùn sí i. "Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé ọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pe ara wọn ní bàbá rẹ. Jọ̀wọ́ fi ìwé ìbúra láti kóòtù ránṣẹ́, kí ó ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ bàbá rẹ, àti ohun tí àwọn méjì yòókù jẹ́ sí ọ."

Mọ́mì, ìyàwó Dádì, ìyá tó bí àbúrò mi, ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà ní Sábó, ibẹ̀ ni a sì ti lọ ka lẹ́tà náà fún wọn. Wọ́n káwọ́ lérí.

"Yéè! Bàbá mẹ́ta! Èmi tí ẹyọ kan ṣoṣo ń yọ lẹ́nu! Wọ́n fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ dé ìlú òyìnbó ni?"

Alhaji tó ń kó àlùbọ́sà wá fún wọn láti òkè Ọya wà nítòsí, ó ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Nígbà tó yé e, ó mi orí. "Mẹ́ta péré? Tèmi, mẹ́fà ni. Ṣé wọn ò ní ẹ̀gbọ́n ní ìlú tiwọn ni?"

Gbogbo ìsọ̀ náà rẹ́rìn-ín àfi àbúrò mi. Ó ti wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà. Ọjọ́ méjìlá ni lẹ́tà náà ti lò lọ́nà. "Bùọ̀dá mi," ó sọ fún mi, "ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀dọ̀ àlùfáà la kọ́kọ́ gbà lọ, nítorí pé tiwọn ló rọrùn jù. Wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí ìwé yìí o," ni wọ́n wí. Kí ó tó di pé wọ́n gbé omi fún wa mu, wọ́n ti kọ òmíràn: olùṣọ́ àgùntàn ìjọ rẹ̀ ni àwọn, ọdún mẹ́wàá ni àwọn ti mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ti kúrò nílẹ̀. Ó ku méjì.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀dúnàbọ̀n. Bàbá wà níbi tí wọ́n sá kòkó sí, wọ́n ń fi eyín gé e wò bóyá ó ti gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń gé kòkó.

"Kí wá ni wọ́n ní ká ṣe?"

"Wọ́n ní kí Dádì lọ búra ní kóòtù pé àwọn ni wọ́n bí i."

"Ìyẹn ò burú. Òun náà ló sáà bí i."

"Kí ẹ̀yin náà sì lọ búra pé ẹ̀yin kọ́ ni bàbá ẹ̀."

Wọ́n tu kòkó ẹnu wọn dànù. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ, ohùn mi ti lọ sílẹ̀. Mo fi kún un pé àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn. Ọ́ńkù ni.

"Ọ́ńkù? Ọ́ńkù kọ́, áńtí ni! Kọ̀ńdọ́ tó ń gbowó nínú mọ́tò, ọ́ńkù ni. Ẹni tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé, ọ́ńkù ni. Èmi náà wá di ọ́ńkù? Ọmọ tó jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi tọ́ oyin sí i lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ!"

Mo rò pé ìbínú lásán ni, àfi ìgbà tí wọ́n jókòó sórí àpò kòkó tí ohùn wọn yí padà.

"Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Kí n gbọ́wọ́ lé Kùránì, kí n ní èmi kọ́ ni bàbá ẹ̀. Ẹnu àgbà nìyẹn o. Bí ó bá dé ọ̀hún, tí nǹkan bá ṣe é, ta ni mo fẹ́ sọ pé ó ṣe é?"

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nílẹ̀ wa tí bàbá máa ń dìde níwájú àwọn ènìyàn kó sọ pé òun kọ́ ni bàbá ọmọ kan: ọjọ́ tó bá kọ̀ ọ́ lọ́mọ ni. Ohun tí mo wá gbé sí wọn níwájú nìyẹn. Kí wọ́n kọ̀ ọ́ lọ́mọ, kí ó lè di dókítà.

Mo padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, mo bẹ Dádì pé kí wọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn sọ̀rọ̀. Dádì gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n ń kà sílẹ̀.

"Èmi? Kí n lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, kí n ní èmi ni mo lọmọ? O fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú ogbó."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bí i, Dádì."

"Bíbí ni mo bí i. Èmi kọ́ ni mo ni ín."

Àbúrò mi jáde láti inú ilé. Ó ti ń gbọ́ wa. "Dádì, ẹ̀yin ò fẹ́ sọ pé ẹ̀yin ni. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n ò fẹ́ sọ pé àwọn kọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ sí wọn pé mi ò ní bàbá rárá ni?"

Dádì gbé ìwé ìròyìn wọn padà, wọn ò sì ṣí i.

Lọ́jọ́ Fúráìdè àbúrò mi fúnra rẹ̀ gba Ẹ̀dúnàbọ̀n lọ. Ó dúró de Bàbá títí wọ́n fi ti mọ́sálásí dé. Mi ò sí níbẹ̀, ohun tí ó sọ fún mi ni mo kọ sílẹ̀. "Mo kúnlẹ̀. Mo ní, Bàbá, mi ò ní kí ẹ kọ̀ mí. Kí ẹ sáà bá mi dé kóòtù. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fọwọ́ sí i, a ó jọ máa bọ̀ nílé ni." Mo bi í pé kí ni Bàbá wí. "Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti jẹun."

Ìyẹn tó. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́rin nílẹ̀, gbogbo wa pàdé ní kóòtù ní Ifẹ̀. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n wọ agbádá funfun. Dádì wọ aṣọ òyìnbó àti táì tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn lórí sìmẹ́ńtì, táì sì ń gbálẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù tó ń tẹ ìwé ìbúra jẹ́ àgbàlagbà, irun rẹ̀ ti funfun, ìka méjì péré ló sì fi ń tẹ̀wé. Ó ka lẹ́tà àwọn òyìnbó, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ẹni tó bí ọmọ náà kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

Dádì bọ́ síwájú. Wọ́n wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n wọn. "Èmi ni mo bí i," ni wọ́n wí, "pẹ̀lú àṣẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé gbé ìka kúrò lórí ẹ̀rọ. "Bàbá, ṣé ẹ̀gbọ́n yín ló fún yín láṣẹ kí ẹ tó bímọ ni?"

Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n dá a lóhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí. "Èmi ni mo fẹ́ ìyàwó fún un. Àṣẹ wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Akọ̀wé ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní tẹ ìyẹn. Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, kí lo jẹ́ sí ọmọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí, sà."

"Ìyá kan náà?"

"Rárá, sà."

"Bàbá kan náà?"

Mo wo Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n. Mo wo Dádì. "Sà, ẹ jẹ́ kí n lọ dúró níta."

"Máa lọ," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá kọ tìẹ náà síbẹ̀, wọ́n á ní a ti di mẹ́rin."

Mi ò jáde, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Ó wá kan Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n. Wọ́n dìde, wọ́n ká agbádá sórí èjìká, wọ́n sì ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan: "Mi ò ní sọ pé èmi kọ́ o. Bí ẹ bá pa mí, mi ò ní sọ ọ́."

Àbúrò mi wolẹ̀. Akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ sọ ọ́?"

"Ọmọ mi yìí ló ní wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Wọ́n nàka sí mi.

Akọ̀wé gbé lẹ́tà náà, ó tún un kà, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ. "Ẹ wò ó. 'Ohun tí àwọn méjì yòókù jẹ́ sí ọ.' Ohun tí ẹ jẹ́ ni wọ́n bèèrè, Bàbá. Wọn ò bèèrè ohun tí ẹ ò jẹ́. Nínú iṣẹ́ tiwa níbí, a kì í mú ènìyàn búra lórí ohun tí kì í ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ́, kí n tẹ̀ ẹ́."

Mo gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí "kọ́" kankan níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, nígbà tí mò ń rojọ́ níbi tí wọ́n sá kòkó sí, èmi tí mo máa ń fi àwọn tí kì í kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí bó ṣe rí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́. Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n wò mí títí. "Oníròyìn," ni wọ́n pè mí. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n wá fà sún mọ́ tábìlì. "Ó yá, máa kọ. Kọ ọ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti ẹni tó bí i, èmi ni mo ṣáájú. Kọ ọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kọ ọ́ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣáájú bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Kọ ọ́ pé bàbá ẹ̀ ni mí, títí."

"Títí dìgbà wo, Bàbá? Kóòtù máa ń fẹ́ mọ̀."

"Títí dìgbà tó máa fún èmi náà lábẹ́rẹ́."

Akọ̀wé tẹ "títí" sílẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Kò kọ ọ́ńkù sí ibì kankan. Dádì gbọ́wọ́ lé Bíbélì, Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n gbọ́wọ́ lé Kùránì, lórí tábìlì kan náà. Bí òǹtẹ̀ ṣe kan ìwé báyìí, Dádì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn bíi pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni àwọn ti gba ọmọ náà tọ́.

Ó ku bí ìwé náà yóò ṣe dé ọ̀hún, nítorí pé ọjọ́ mẹ́rin kò tó lẹ́tà í rìn. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fáàsì fi ìwé ránṣẹ́ lórí fóònù wà lọ́nà yunifásítì. A débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè náà, kò síná. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, iná dé, fóònù ò lọ. Arábìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní kí a padà wá lọ́la, kí a tètè dé, "kí àwọn òyìnbó tó jí". Lọ́jọ́ Túsídeè àbúrò mi ti wà níbẹ̀ kí arábìnrin náà tó ṣílẹ̀kùn. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n tẹ nọ́ńbà. Ní ìgbà karùn-ún ẹ̀rọ náà súfèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé mì: lẹ́tà àlùfáà, ìbúra Dádì, ìbúra Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n. "Ó ti lọ!" arábìnrin náà pariwo, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀.

Èsì wọn gba orí fáàsì kan náà padà lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ìlà mẹ́rin ni. Olórí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní àlàyé náà tẹ́ àwọn lọ́rùn, fáìlì náà sì ti pé. Ó fi kún un pé òun fúnra òun ka ìwé ìbúra kejì sókè fún àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́, pé ó dùn mọ́ wọn púpọ̀. Mo túmọ̀ èyí fún Bàbá Ẹ̀dúnàbọ̀n. Wọ́n ní kí n fún wọn ní ìwé náà, kí ẹlòmíràn tún un túmọ̀ fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ méje ni a dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti mọ ojú àbúrò mi débi pé bí ó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń mi orí sí i. Ọjọ́ tí wọn ò mi orí ni lẹ́tà dé. Kò dúró ṣí i nílé. Ó sáré gba Sábó lọ, ó ṣí i níwájú Mọ́mì, láàárín àlùbọ́sà. Mọ́mì kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, ojú ọmọ wọn ni wọ́n kà. Alhaji ló sọ fún mi bó ṣe lọ: "Ìyá ẹ jó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àgbò. Gbogbo wa la bá a jó."

Wọ́n ti gbà á. Lẹ́tà náà sì sọ ohun tó kù láti ṣe. Kí ó kọ̀wé padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá pé òun gba ààyè náà. Kí ó ya fọ́tò àyà ní ilé ìwòsàn, kí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ó mú lẹ́tà àti páṣípọ́ọ̀tù lọ sí ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè wọn ní Èkó fún físà. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kíláàsì yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, pé òṣìṣẹ́ àwọn kan yóò dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí yóò fi rí i.